Àjẹ́ Ké Lánàá, Ọmọ Kú Lónìí

"Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?" Òwe yìí dùn lẹ́nu. Ìbéèrè ni wọ́n fi parí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ ìdáhùn. Ẹni tó bá dìde láàrin agbo pé "èmi ò mọ̀", wọn á ní ọ̀dẹ̀ ni, tàbí kí wọ́n ní òun náà wà nínú ẹgbẹ́. Àwọn àgbà máa ń pa á fún ẹni tó halẹ̀ mọ́ ọmọnìkejì lánàá, tí aburú sì ṣẹlẹ̀ lónìí. Ó wúlò níbẹ̀, torí ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá sọ tẹnu rẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ni agbára òwe náà mọ. Kò lè dá ẹjọ́.

Ní Ìlọrin wa níbí, orí fóònù ló ń gbé báyìí. Ohùn kan á balẹ̀ sórí WhatsApp agboolé lálẹ́. Kó tó di ìrun àsùbáà, ó ti dé ti ẹgbẹ́ àsàláátù, ó ti dé Ọjà Ìpàtà, wọ́n ti gbọ́ ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán. Ní 2020, wọ́n ní 5G ló dé tí àwọn èèyàn fi ń kú, kì í ṣe kòrónà. Ọdún yẹn, kò sí 5G tí ará ìlú ń lò níbì kankan ní Nàìjíríà. 2022 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà á. Àjẹ́ tí wọ́n ní ó ké yẹn ò tíì wọ̀lú.

Ibi tó le ni ibi tí àjẹ́ ti ké lóòótọ́. Ní 1996, àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé ní Kano. Pfizer wá dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò níbẹ̀, nínú ìdánwò tó kó ọmọ bíi 200. Ọmọ 11 kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2009, Pfizer gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là láti parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano. Nígbà tí wọ́n wá sọ ní 2003 pé àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ń sọ ọmọ di àgàn, ìyá tó tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń pín in, èmi ò ní bá a wí. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Àwọn aṣáájú tó lágbára láti tètè ṣàyẹ̀wò, tí wọ́n dá àjẹsára náà dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ni mo bá wí. Kòkòrò àrùn náà gbéra láti àríwá Nàìjíríà, ó dé Indonesia ní 2005. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ló san gbèsè ìbẹ̀rù àgbà.

Ìjọba pàápàá jẹ̀bi. Ààrẹ Buhari lo ọ̀pọ̀ oṣù ní London ní 2017, wọn ò sọ àìsàn tó ń ṣe é fún wa. Ibi tí wọ́n bò mọ́lẹ̀ yẹn ni ìtàn "Jubril ará Sudan" gbà wọlé, pé Buhari ti kú, ẹlòmíràn tó jọ ọ́ ló wà nípò rẹ̀, títí tí ààrẹ odidi orílẹ̀-èdè fi ń ṣàlàyé ní Poland, ní December 2018, pé òun gan-an lòun.

Ẹni tó ń dùn mí jù nínú òwe yìí ni àjẹ́ fúnra rẹ̀, torí ẹnìkan ni wọn á fún lórúkọ náà. Ìyá opó tó ń dá gbé lẹ́yìnkùlé wúkọ́ lóru, ọmọ ilé kejì kú láàárọ̀, gbogbo abúlé yíjú sí i. Bẹ́ẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ (genotype) AS ni bàbá ọmọ ní, AS ni ìyá rẹ̀ náà ní, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní sì lè jẹ́ SS, ìdá kan nínú mẹ́rin. Fòníkú-fòladìde ló pa ọmọ. Wọ́n á lé ìyá arúgbó kúrò nílùú, ọmọ tí wọ́n bá tún bí lè kú bákan náà, wọn á sì tún wá ẹlòmíràn lé.

Sùúrátul-Hujuráátì ẹsẹ 6 ní bí ẹni burúkú bá mú ìròyìn wá, ká wádìí rẹ̀, ká má baà fi àìmọ̀ ṣe èèyàn níbi. Láti October 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, láti dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Ẹ̀yin ìyá wa, bí ohùn bá dé pé ó ń sọ ọmọ di àgàn, ẹ má tíì fi ránṣẹ́. Ẹ bi ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín: ta ló sọ ọ́, ìlú wo, ọmọ ta ni, ọdún wo? Kí ẹ sì gbé ìbéèrè yín lọ bá nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jágbe mọ́ wọn. Ìyá tí ẹ bá lé padà láìdá lóhùn, orí fóònù ni yóò ti lọ wá ìdáhùn.