Tool joint náà, irin ni o

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ trainee kan ní ríìgì dijú mọ́rí lánàá, ó ní "ọ̀gá mi, displacement drill pipe ò le rárá, ẹ ṣáà yọ ID squared kúrò lára OD squared, ẹ fi 1029.4 pín in, ó parí." (Displacement ni àyè tí irin páìpù tí a fi ń gbẹ́ kànga epo ń gbà; OD ni ìbú ìta ẹ̀, ID ni ìbú inú ẹ̀, ní ínṣì; 1029.4 ló ń sọ ọ́ di bárẹ́lì fún ẹsẹ̀ bàtà kan.) Kò parí o jàre. Ta ló tiẹ̀ ń kọ́ yín ní nǹkan yìí?

Ẹ mú páìpù 5 ínṣì tí wọ́n ń pè ní 19.5 (pọ́n-ùn fún ẹsẹ̀ bàtà kan), tí inú ẹ̀ jẹ́ 4.276. Ìṣirò yẹn máa gbé 0.0065 bárẹ́lì wá fún ẹsẹ̀ bàtà kan. Ó dáa, tó bá jẹ́ pé páìpù náà rí gbọọrọ látòkè délẹ̀. Tool joint, ìyẹn orí páìpù tó nípọn tí wọ́n fi ń so ó mọ́ òmíràn, tó lé ní 6 ínṣì ńkọ́, ṣé igi nìyẹn ni? 19.5 yẹn gan-an orúkọ lásán ni, tẹ́ ẹ bá ka tool joint mọ́ ọn á wọ 21 pọ́n-ùn, ó tiẹ̀ lè sún mọ́ 22, ìyẹn wà lọ́wọ́ grade, bí irin náà ṣe lágbára tó. Irin tó kún bárẹ́lì kan sì ń lọ bíi 2,750 pọ́n-ùn, ẹ fi pín 21.4, 0.0078 ló máa já sí.

Wọ́n á ní kí ló wà nínú ìyẹn. Ẹ fa stand márùn-ún (páìpù mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀ ni stand kan) jáde, bíi 465 ẹsẹ̀ bàtà: ìṣirò tiyín ní kànga máa gba 3.0 bárẹ́lì mud, ìyẹn ẹrẹ̀ tí à ń dà sí i láti fi dí àyè páìpù tó jáde, òótọ́ ibẹ̀ sì ni 3.6. Tí ẹ bá wá ń swab, ìyẹn tí páìpù tí ẹ̀ ń fà ń fa nǹkan láti inú ilẹ̀ wọ kànga, tí 0.6 ń wọlé lábẹ́ ní gbogbo stand márùn-ún, trip tank, táńkì tí a fi ń wọn mud tó ń wọ kànga, á fi 3.0 hàn yín géérégé, ẹ̀yin á máa rẹ́rìn-ín pé nọ́ḿbà bára mu, gáàsì sì ti ń wọlé ní tiẹ̀!

Èyí tójú èmi rí ò tiẹ̀ burú tó bẹ́ẹ̀. Ríìgì swamp kan ni, irú nọ́ḿbà yìí ló wà lórí trip sheet, ìwé tí wọ́n ń kọ ohun tó yẹ kí kànga gbà sí, bí kànga ṣe ń gbà ju ohun tí wọ́n kọ lọ báyìí gbogbo èèyàn ń pariwo losses, pé ilẹ̀ ń mu mud, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ń po LCM, ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tó ń jò, lóru. Mo mú ìwé páìpù, mo tún un ṣírò, gbogbo ohun tí wọ́n ló sọnù, tool joint ni. Ilẹ̀ ò mu nǹkan kan.

Ó dáa, páìpù tó ti jẹ lára máa ń fúyẹ́ díẹ̀, torí náà ẹ fi trip tó kọjá, ìgbà tí ẹ fa páìpù jáde gbẹ̀yìn, yẹ nọ́ḿbà yín wò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún gbé 1029.4 nìkan wá bá mi, kó kọ́kọ́ lọ jẹ́ kí tool joint kan gbá a lẹ́sẹ̀, kó wá sọ fún mi pé kò sí níbẹ̀.