Ta ló ní Yorùbá kì í ya àwòrán sára ògiri?

Mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n tún sọ ọ́ ní ìdíkọ̀ Tákìé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí ọ̀rọ̀ kan ògiri kan lọ́nà Under-G tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ya obìnrin onígèlè sí. Bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún ní, "Àṣà Amẹ́ríkà lẹ ń kó wọ̀lú. Yorùbá kì í ba ògiri jẹ́. Igi là ń gbẹ́, aṣọ là ń rẹ láró." Gbogbo èrò ń mi orí. Èmi dákẹ́ ní tèmi, torí àgbà ló sọ̀rọ̀, kò sì yẹ kí n takò wọ́n lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n irọ́ ni, irọ́ tí gbogbo wa ń gbé káàkiri láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká ti Ilé-Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òrìṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Àkirè. Lọ́dọọdún, tí ọdún rẹ̀ bá ti ń súnmọ́, àwọn obìnrin ló máa ń ya ògiri ojúbọ rẹ̀. Obìnrin o! Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́ ògiri náà, èyí tí wọ́n yà léṣìí á wọlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á wá ya tuntun lé e. Kò sí pẹ́ńtì ìgboro nínú rẹ̀ láyé àtijọ́: ẹfun ló ń fún wọn ní funfun, ilẹ̀ ló ń fún wọn ní pupa, èédú ló ń fún wọn ní dúdú. Wọ́n á to àmì tótòtó, wọ́n á fa ìlà, wọ́n á ya ẹranko, títí ògiri á fi kún. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Campbell ti wádìí iṣẹ́ àwọn obìnrin wọ̀nyí kúnná, ó sì ti kọ ọ́ síwèé. Ẹni tó bá ní òun ò gbọ́ rí, ẹ̀bi tirẹ̀ ni.

Mo ti dúró níwájú irú ògiri bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó kọ́kọ́ wọ̀ mí lójú ni pé wọn ò fi rúlà fà á. Ìlà á nípọn níbi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀, á sì máa tín-ín-rín lọ bí àwọ̀ ti ń tán lọ́wọ́ ẹni tó ń yà á, títí yóò fi tún tọwọ́ bọ igbá. Níbì kan, àmì funfun kan ti ya bàrá, ẹni tó yà á ò sì nù ún kúrò; ńṣe ló fa ìlà pupa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó wá dà bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Kí wá là ń pe ìyẹn, bí kì í bá ṣe àwòrán ara ògiri? Ìta gbangba ló wà. Òrìṣà ni wọ́n fi ń yẹ́ sí, àmọ́ ẹni tó ń kọjá lọ náà ń rí i.

Pé látìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe é? Mi ò lè fọwọ́ sọ ọdún kan, ògiri amọ̀ kì í pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ìyẹn ò gbe ẹni tó ní Amẹ́ríkà ló kọ́ wa.

Àwọn mìíràn á ní Adùnní Olórìṣà ló kọ́ wa l'Óṣogbo. Adùnní yìí, ìyẹn Susanne Wenger, ọmọ orílẹ̀-èdè Austria, dé Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1950, iṣẹ́ rẹ̀ nínú igbó Ọ̀ṣun sì tóbi. UNESCO ti fi igbó náà sára ibi àjogúnbá ayé láti 2005. Ṣé òun nìkan ló ṣe é ni? Adébísí Àkànjí wà lára àwọn tó bá a mọ ọ́n, bíríkìlà sì ni Àkànjí kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọ̀nà. Àwọn bíríkìlà wa ti ń fi símẹ́ńtì ṣe kìnnìún àti òdòdó síwájú ilé kí Adùnní tó dé.

Ẹni tí kò bá gbà kó rìn láti Tákìé lọ sí Ọjà Igbó, kó sì gbójú sókè. Àwọn ará wa tó ṣòwò ní Gánà kí ìjọba Busia tó lé wọn ní 1969 kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sílùú yìí. Kìnnìún kan wà níwájú ilé kan ládùúgbò wa: àfọ́kù ìgò aláwọ̀ ewé lojú rẹ̀ méjèèjì, ìrù rẹ̀ gùn ju ara rẹ̀ lọ, ó sì ní eyín bíi tèèyàn. Ó dá mi lójú pé ẹni tó ṣe é ò rí kìnnìún rí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nǹkan tí mo ti rí nínú gálárì l'Ékòó lọ.

Mi ò tíì mẹ́nu ba ara ọkọ̀ onípákó, tàbí orí mẹ́fà tí wọ́n máa ń yà sí pátákó onígẹ̀run, tàbí "Má tọ̀ síbí o" pẹ̀lú àwòrán sísọ́ọ̀sì lábẹ́ rẹ̀. Bí ìyẹn kì í bá ṣe gíráfítì, ìyẹn kíkọ tàbí yíyà nǹkan síta gbangba, kí ni?

Wọ́n ní ọmọ ìta ló ń ṣe é. Ọmọ ìta náà ń lu ìlù. Ta ló tìtorí ẹ̀ sọ pé ìlù kì í ṣe tiwa?

Ó dáa, n ó gba ẹyọ kan. Àwọn lẹ́tà gíráfítì tó wú, tó so kọ́ra wọn, Philadelphia àti New York ni wọ́n ti wá, lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orúkọ ara wọn sára ògiri àti ọkọ̀ ojú irin láàárín 1960 sí 1979. Àwọn náà kọ́ ló dá kíkọ nǹkan sára ògiri sílẹ̀, torí ó kún ara ògiri Pompeii, ìlú tí eérú òkè oníná bò mọ́lẹ̀ ní ọdún 79. Àgólo pẹ́ńtì tí wọ́n ń fọ́n, ará Amẹ́ríkà kan, Edward Seymour, ló ṣe é ní 1949. Ẹ gbé àgólo fún wọn. Símẹ́ńtì náà, òyìnbó ló gbé e dé, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé torí símẹ́ńtì, ilé bàbá òun kì í ṣe ilé Yorùbá.