Ẹ Kọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Nọ́ọ̀sì Bí Wọ́n Ṣe Ń Bá Aṣòfin Sọ̀rọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó bá jáde nílé ẹ̀kọ́ ní Òṣogbo á mọ abẹ́rẹ́ gún, á mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, á sì mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú aboyún. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìwé ìṣúná ètò ìlera ìpínlẹ̀ lé e lọ́wọ́, bóyá ló máa mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Èrò tiwa ni pé ẹ̀kọ́ tó fi èyí sílẹ̀ kò tíì pé.

Odò Ọ̀ṣun ló fà á tá a fi ń sọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ti sọ omi náà di èyí tó pọ́n rúsúrúsú, débi pé ìjọba kìlọ̀ lọ́dún 2022 pé kí wọ́n má mu ún. Bẹ́ẹ̀, omi táwọn olùjọsìn ń bù mu lọ́dún Ọ̀ṣun ni. Tí májèlé bá wọ ọmọ lára, nọ́ọ̀sì ló máa kọ́kọ́ bá a pàdé, kì í ṣe aṣòfin. Ẹ rántí Zamfara: lọ́dún 2010, òjé tó jáde níbi ìwakùsà góòlù pa ọmọdé tó lé ní 400. Oògùn wà, àmọ́ kí ló fẹ́ ṣe fún ọmọ tó máa padà lọ ṣeré lórí ilẹ̀ olóró kan náà? Àwọn ọmọ Bagega, abúlé kan ní Zamfara náà, dúró títí di 2013, kí owó ìjọba tó jáde tí wọ́n fi palẹ̀ májèlé náà mọ́. Owó tí kò tètè jáde ló dá ìtọ́jú wọn dúró, kì í ṣe pé àwọn nọ́ọ̀sì ò mọṣẹ́.

Àwọn kan á ní òṣèlú nìyẹn, pé kí nọ́ọ̀sì gbájú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀. A ò gbà. Nọ́ọ̀sì ni Kofoworola Àbẹ̀ní Pratt kó tó di kọmíṣọ́nnà ètò ìlera l'Ékòó lọ́dún 1973.

Kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àtàwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ìlú yìí fi ìṣúná kíkà àti bíbá aṣòfin sọ̀rọ̀ kún ẹ̀kọ́ wọn, kí wọ́n sì máa fún un ní máàkì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́dún àṣekágbá ka ìṣúná, kó wò ó bóyá ó sún mọ́ ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná táwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí fún ètò ìlera l'Ábújá lọ́dún 2001. Kó kọ àbá ojú ewé kan lórí ohun tójú ẹ̀ rí ní wọ́ọ̀dù (láìdárúkọ aláìsàn kankan o), kó sì lọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ níwájú àwọn aṣòfin tó ń rí sí ètò ìlera. Ilé Aṣòfin ò jìnnà sí wọn, Òṣogbo kan náà ni wọ́n jọ wà. Kí àwọn aṣòfin náà ṣílẹ̀kùn fún wọn kí ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ tó dòfin.