Ẹ má lọ wo Victoria Falls ní oṣù kọkànlá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú àpilẹ̀kọ yín, ẹ ka Mosi-oa-Tunya, tí òyìnbó ń pè ní Victoria Falls, ní ààlà Zambia àti Zimbabwe, mọ́ àwọn omi àpáta (omi tó ń já wálẹ̀ látorí àpáta) tó rẹwà jù láyé. Ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ìgbà tó yẹ kéèyàn lọ. Oṣù kọkànlá ni mo lọ, apá Zambia ni mo dúró sí. Àpáta gbígbẹ ni mo ń wò! Omi tín-ín-rín kan ń kán lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ lẹ́yìn òjò. Áà, owó ọkọ̀ òfurufú mi. Nígbà tí mo padà lọ lóṣù kẹrin, a ò tíì débẹ̀ tá a ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ lé ní mítà 1,700. Aṣọ òjò tí mo yá ò ràn mí lọ́wọ́, omi kún bàtà mi.