Àtúnṣe: Káńsù lè wá ilé fún ọmọ ẹni tó wà lábẹ́ NRPF

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ láti fóònù dé fóònù láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba: pé bí "no public funds" (NRPF, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba) bá wà lára físà òbí, tí onílé sì lé e jáde, káńsù kò lè ràn án lọ́wọ́, ọmọ nìkan ni wọn yóò gbà lọ. Irọ́ ni.

Lóòótọ́, òbí bẹ́ẹ̀ kò lè gba owó ìrànwọ́ ìjọba bíi Universal Credit tàbí Child Benefit. Ṣùgbọ́n ní England, abala 17 òfin Children Act ti 1989 ní kí káńsù bójú tó ọmọ tó wà nínú àìní ní àdúgbò rẹ̀. Wọ́n lè wá ilé fún òbí àti ọmọ pa pọ̀, kí wọ́n sì fún wọn lówó oúnjẹ. Òfin ìwọ̀lú kò ka ìrànwọ́ yìí mọ́ "public funds". Káńsù kò sì lè já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́.

Ó dùn mí pé irú ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú kí ìyá máa gbé ọmọ ká pálọ̀ ẹlòmíì, tí ọmọ ń sùn sílẹ̀, tí iléèwé sì ń jìnnà sí i.

Ẹ má dúró di ọjọ́ tí wọ́n máa kó ẹrù síta. Ẹ mú lẹ́tà onílé àti ìwé báǹkì dání, kí ẹ ní kí ẹ̀ka tó ń bójú tó ọmọdé ṣe àyẹ̀wò ọmọ yín lábẹ́ abala 17. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ mú un lọ bá lọ́yà.