Ẹja Fọ́tò

(Ọ̀sán gangan, ní bùkà Ìyá Kẹ́mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, Àkúrẹ́. Gáníyù ọlọ́kadà ń dúró de iyán. Délé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ìyá Kẹ́mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Skọ́tílándì dé, gbé ọ̀pá gbọọrọ kan wọlé. Ká sọ òótọ́, ọ̀pá náà rẹwà.)

ÌYÁ KẸ́MI: Délé, kí lo fẹ́ fi ìyẹn já? Máńgòrò ò sí níbí o.

DÉLÉ: Ọ̀pá ìpẹja ni, Àǹtí. Mo fẹ́ gbé e dé odò Àlà.

GÁNÍYÙ: Odò Àlà kẹ̀? Náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà lẹ máa fà jáde!

DÉLÉ: Ẹ wo odò Spey ní Skọ́tílándì lọ́hùn-ún, tó gba àárín òkè kọjá! Báyìí, yìnyín orí òkè ń yọ́ sínú ẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kẹta sí ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá nìkan lòfin gbà ká pa ẹja brown trout níbẹ̀.

ÌYÁ KẸ́MI: Kí lẹ fi ń dẹ ẹ́? Ekòló?

DÉLÉ: Rárá o! Kòkòrò ayédèrú ni. Trout kì í sáré kiri. Ibi tí omi ti ń bọ̀ ló máa ń kọjú sí, á máa dúró de kòkòrò tómi bá gbé wá. Ẹ̀yìn la ti ń yọ́ lọ bá a.

GÁNÍYÙ: Mo mọ irú wọn. Àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwa ọlọ́kadà náà, ibi tá a ti ń bọ̀ ni wọ́n ń kọjú sí.

DÉLÉ: Òwú àti ìyẹ́ ọrùn àkùkọ ni mo dì mọ́ ìwọ̀ yìí. Ẹ wò ó.

ÌYÁ KẸ́MI: (Ó tẹjú mọ́ ọn.) Délé. Àkùkọ pupa tí mo ń sìn de ọdún Àjíǹde, tí mo jí bá tọrùn rẹ̀ hó...

DÉLÉ: Àǹtí, díẹ̀ ni mo fà.

ÌYÁ KẸ́MI: Mo ti ní iṣẹ́ àwọn ayé ni! Mo ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀! Mo ti dárúkọ ìyàwó bàbá Kẹ́mi kejì nínú àdúrà!

DÉLÉ: Ẹ jẹ́ n fi hàn yín. Okùn ló wúwo, ìwọ̀ ò wúwo rárá. Ẹ ó fì í sẹ́yìn, ẹ ó wá fì í síwájú...

(Fìlà Gáníyù bá ìwọ̀ lọ.)

GÁNÍYÙ: Fìlà mi o!

DÉLÉ: Ẹ má bínú, bọ̀dá. Ìwọ̀ yìí ò ní ẹ̀gún lẹ́yìn, kíá ló ń yọ. A ò fẹ́ kí ẹja farapa.

ÌYÁ KẸ́MI: Ẹja tó o fẹ́ jẹ?

DÉLÉ: Èmi kì í jẹ ẹ́. Tí mo bá ti mú un, mo ya fọ́tò rẹ̀, mo dá a padà sómi.

GÁNÍYÙ: Wọ́n ń sanwó fún yín ni?

DÉLÉ: Èmi ni mò ń san. Odò náà ní ẹni tó ni ín, a ní láti gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

ÌYÁ KẸ́MI: Ọmọ onílẹ̀ ti wọnú odò lọ́hùn-ún! Ó dáa. Jókòó.

(Ó gbé iyán àti odindi ẹja àrọ̀ síwájú rẹ̀. Ooru ń rú.)

DÉLÉ: Ẹ ṣé gan-an, Àǹtí. Ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

ÌYÁ KẸ́MI: Ya fọ́tò rẹ̀. (Ó yà á.) Ṣó jáde dáadáa?

DÉLÉ: Ó jáde dáadáa.

(Ìyá Kẹ́mi gbé abọ́, ó da ẹja padà sínú ìkòkò.)

ÌYÁ KẸ́MI: Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà. Owó ìwé àṣẹ.

GÁNÍYÙ: Mọ̀mí, fóònù tèmi ò ní kámẹ́rà o. Ẹ bu tèmi wá!