Oòrùn ọ̀sán kọ́ ló ń fa Down syndrome

Mo tún gbọ́ ọ níbi ìsọmọlórúkọ kan: pé aboyún tó bá rìn lọ́sàn-án gangan láìfi píìnì há aṣọ, ẹ̀mí àìrí á pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀, wọn á sì fi èyí tó ní Down syndrome, tí ojú rẹ̀ yàtọ̀, tí kì í tètè sọ̀rọ̀, rọ́pò. Wọ́n ní àgbà kì í purọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Krómósóòmù, ìyẹn àwọn fọ́nrán tó gbé ohun tí a jogún, 46 ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì èèyàn, ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara. Ní 1959, àwọn olùṣèwádìí Jérôme Lejeune, Marthe Gautier àti Raymond Turpin kéde ní Paris pé 47 ni ti ọmọ tó ní Down syndrome: nọ́ńbà 21 di mẹ́ta dípò méjì. Lábẹ́ maikirosíkóòpù ni wọ́n ti kà á. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ẹyin ìyá ló ti ṣẹlẹ̀, kí ẹyin náà tó pàdé àtọ̀ rárá. Kí obìnrin tó mọ̀ pé òun lóyún, ọ̀rọ̀ ti parí. Oòrùn wo ló wá kù tó fẹ́ pa á?

Ti ọpọlọ ńkọ́? Orí krómósóòmù 21 yẹn ni jíìnì (ìtọ́ni kan tí a jogún) tó ń jẹ́ DYRK1A wà. Àyẹ̀wò lára eku àti nínú sẹ́ẹ̀lì fi hàn pé tó bá pọ̀ jù, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó máa pín nínú ọpọlọ ọlẹ̀ á tètè ṣíwọ́. Ẹni tí ẹyọ kan ṣoṣo jíìnì yìí, dípò méjì, ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, orí tirẹ̀ náà máa ń kéré, ẹ̀kọ́ sì máa ń nira fún un. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ ni, ìwọ̀n ló ṣe kókó. Ní 2013, ikọ̀ olùṣèwádìí Jeanne Lawrence ní Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, pa krómósóòmù kẹta náà lẹ́nu mọ́ nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú sínú àwo, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di ti ọpọlọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ dáadáa. Ẹ̀mí àìrí wo nìyẹn? Lóòótọ́, jíìnì tó wà lórí rẹ̀ lé ní 200, wọn kò sì tíì mọ ipa gbogbo wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Down syndrome. Ìbéèrè tí àwọn ẹbí ọkọ kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀ ni pé, “Níbo lo rìn dé?” Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi títí ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé. Ọmọ yẹn ń kàwé báyìí, ó sì mọ orúkọ gbogbo wa.

Nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ wọ̀nyí ni wọ́n máa ń bí pẹ̀lú àrùn ọkàn. Kí ẹ tó gbé e káàkiri ilé àdúrà, ẹ jẹ́ kí dókítà fi ẹ̀rọ wo ọkàn rẹ̀.